Ṣé Kọ̀ǹpútà Tuntun Ló Máa Bá Mi Parí Fíìmù Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Yìí?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka tíátà ni mí, ọdún tí mo máa gboyè rèé. Èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi ya fíìmù kékeré kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó wálé wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti ná owó ilé ẹ̀kọ́ òun. Fóònù mi àti iPhone ọ̀rẹ́ mi la fi yà á, a sì gba ohùn sórí fóònù kẹta pẹ̀lú máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ. Olùkọ́ wa ní kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Èyí tí mo tò jẹ́ 23, ó sì ń súni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń gùn, ẹnu á ti pa dé kí ohùn tó dé. Laptop mi jẹ́ 8GB RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), kò ní káàdì graphics tirẹ̀ (èyí tó ń gba iṣẹ́ àwòrán ṣe), ó sì ń gan ṣáá nínú DaVinci Resolve, áàpù tí mo fi ń ẹ́díìtì. Gbogbo èèyàn ní àfi kí n ra òmíràn. Màmá mi ní àwọn máa fi àjọ tí àwọn fẹ́ kó lóṣù yìí rà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ṣé kí n gbà?"

Àbúrò mi, má tíì jẹ́ kí màmá fọwọ́ kan àjọ wọn. Ohun mẹ́ta tí kò bára tan lo dì pọ̀, tí o wá kó ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ lé laptop lórí. Ohùn tó ń yà kúrò lára ẹnu, fóònù tí ẹ fi ya fíìmù ló fà á. Gígan tí ẹ̀rọ ń gan, irú fáìlì tí fóònù ń ṣe ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 23 ní tirẹ̀, ọwọ́ rẹ ló wà. Bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lọ wá fún ọ láti Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú 23 náà ni yóò máa yí fún ọ, àfi pé á máa yí i geere. N kò tíì rí fíìmù náà o, nítorí náà ibi tí mo bá ti ń méfò, n óò sọ fún ọ pé mò ń méfò.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohùn, nítorí òun ló ń dẹ́rù bani jù, bẹ́ẹ̀ òun ló rọrùn jù láti tún ṣe. Fídíò tí à ń wò, àwòrán tó dúró sójú kan ni, tí ọ̀kan ń tẹ̀ lé òmíràn kíákíá débi tí ojú fi gbà pé wọ́n ń rìn. Férémù là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kámẹ́rà gidi máa ń ya iye kan náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ 24, 25 tàbí 30, kì í yẹ̀. Fóònù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á kọ ọ́ sára fáìlì pé 30 lòun ń yà, ṣùgbọ́n bí ibi tí ẹ wà bá ṣókùnkùn, á dẹwọ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè wọlé. Bí ara rẹ̀ bá sì gbóná nínú oòrùn Ìtòkú, ó lè fo férémù díẹ̀. Fóònù fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń kọ àkókò férémù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohun gbogbo fi máa ń pé nígbà tí o bá wò ó lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ áàpù tí a fi ń ẹ́díìtì kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún ìyẹn. Wọ́n rí 30, wọ́n á sì yí i ní 30.

Wá bá mi ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé férémù kan péré ló ń dín ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, férémù 6 ti sọnù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ti di 24, ìyẹn sì lé ní ìlàjì ìṣẹ́jú-àáyá dáadáa. Àwòrán ti sáré ṣíwájú, ohùn tí fóònù kẹta gbà kò sì mọ̀ nípa rẹ̀, ó ń rìn bó ṣe yẹ kó rìn. Nítorí náà lẹnu ọmọ yẹn fi ń pa dé kí ohùn rẹ̀ tó dé. Ṣọ́ọ̀tì kúkúrú (ṣọ́ọ̀tì ni ohun tí kámẹ́rà yà láti ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tí ẹ fi dá a dúró) kì í fi àṣírí yìí hàn, àwọn tó gùn ló ń tú u, bí o ṣe sọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Oògùn rẹ̀ ni pé kí o sọ gbogbo fídíò náà di oníférémù tí kì í yẹ̀ kí o tó gbé wọn wọ inú Resolve. HandBrake, áàpù tó ń yí fáìlì fídíò padà, lèmi ń lò fún un, ọ̀fẹ́ ni. Níbi tí wọ́n kọ Video sí, yan 30, kí o wá tẹ Constant Framerate. Nọ́ńbà RF tó wà níbẹ̀, bó bá ṣe kéré tó ni àwòrán ṣe máa dára tó tí fáìlì á sì wúwo tó. 18 dára fún iṣẹ́ rẹ. Àwọn kan á gbà ọ́ níyànjú pé kí o yan 24 nítorí pé òun ni ti sinimá. Má dá wọn lóhùn. Ohun tí ẹ ti yà ní 30, bí o bá fún un mọ́ inú 24, férémù á máa já níbi tí kò yẹ, ọmọ tó ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà á sì máa rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Rí i dájú pé Resolve náà wà ní 30 kí o tó gbé ṣọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lé timeline (ibi tí à ń to fíìmù sí), torí pé lẹ́yìn ìyẹn kò ní gbà kí o yí i padà fún iṣẹ́ náà mọ́. Tọ́jú àwọn fáìlì àkọ́kọ́, má pa ọ̀kankan rẹ́.

Lẹ́yìn náà lo máa wá so ohùn mọ́ àwòrán. Bí ẹ bá pàtẹ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, wá férémù tí àtẹ́lẹwọ́ ti pàdé, kí o fi í sí abẹ́ ibi tí ìlà ohùn ti ga ṣóńṣó. Resolve náà lè fúnra rẹ̀ wá a bí o bá lo Auto Sync Audio, kí o sì ní kó tẹ̀ lé ìlà ohùn. Bí ẹ kò bá pàtẹ́wọ́, wá ọ̀rọ̀ tó máa ń pa ètè dé: m, b, gb. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ á ti pe "màámi" láìmọye ìgbà. Férémù tí ètè rẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀ ni kí o fi ohùn m sí. Bí kò bá dá ọ lójú bóyá ó pé, jẹ́ kí ohùn gbẹ̀yìn díẹ̀ dípò kó ṣáájú. A ti mọ̀ látọjọ́ tí a ti dáyé pé mànàmáná ló ń ṣáájú àrá, nítorí náà ojú kì í tètè bínú sí ohùn tó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tó bá dé kí ẹnu tó là, kíá lará á ti fura.

Ohun kan wà tí o kò sọ, mo sì fẹ́ méfò rẹ̀. Báwo ni àwọn fídíò inú iPhone ọ̀rẹ́ rẹ ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ? Bó bá jẹ́ WhatsApp ló fi wọ́n ránṣẹ́ bí a ṣe ń fi fídíò ránṣẹ́ lójoojúmọ́, WhatsApp ti fún wọn mọ́ra, ó ti gé nínú àwòrán náà kó tó gbé wọn dé. Lórí fóònù o kò ní mọ̀. Lórí ògiri gbọ̀ngàn, ojú ìyá á dà bí ẹni pé wọ́n fi omi pa á, àwọn àwòrán àdìrẹ tí ẹ torí rẹ̀ lọ sí Ìtòkú á sì dàpọ̀ di aró lásán. Kò sí ẹ́díìtì tó lè dá ohun tí WhatsApp ti jù nù padà. Lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ kó tó pa àwọn ti orí fóònù rẹ̀ rẹ́ láti fi wá àyè, kí o fi wáyà kó wọn. Bó bá jìnnà sí ọ, kó fi wọ́n ránṣẹ́ bíi Document nínú WhatsApp yẹn náà, fáìlì tí kò bá ju 2GB lọ á dé bó ṣe wà. Ṣe èyí lónìí, kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ó kan ti laptop. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, iPhone ni pàtàkì, ń fi fídíò pamọ́ ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní HEVC tàbí H.265. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: kì í tọ́jú gbogbo férémù lódindi. Á tọ́jú ọ̀kan, lẹ́yìn náà ohun tó yí padà nìkan lá máa kọ sílẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀ lé e. Ó ń jẹ́ kí fáìlì kéré, ṣùgbọ́n ẹrù náà ti bọ́ sórí ẹni tó fẹ́ ẹ́díìtì. Nígbà tí o bá fi ọwọ́ kan àárín ṣọ́ọ̀tì, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ sáré padà lọ bá férémù odindi kan, kó máa ṣírò bọ̀ títí á fi dé ibi tí o wà. O fo síwájú, o fo sẹ́yìn, ó tún ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Nítorí ìyẹn ni laptop kan náà fi lè yí fídíò náà geere nínú VLC, áàpù tí a kàn fi ń wo fídíò, tó sì máa gan nínú Resolve. Kì í ṣe pé ó ti kú.

Bí o bá ti fi HandBrake sọ wọn di H.264, ọ̀nà ìpamọ́ tó ti wà ṣáájú H.265, tí o sì sọ èyí tó bá jẹ́ 4K (àwòrán ńlá) di 1080p (èyí tó kéré sí i), iṣẹ́ méjì lo ti ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí H.264 kò le fún ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣì ń fà, ní kí Resolve ṣe proxy: àdàkọ kékeré tí kò wúwo, tí o máa fi gé fíìmù, tí yóò sì padà lo àwọn tó dára fúnra rẹ̀ nígbà tí o bá fẹ́ gbé fíìmù jáde. Jẹ́ kó ṣe é mọ́jú, nígbà tí iná bá wà. Bí Resolve bá kọ̀ jálẹ̀, ó lè kọ̀ lóòótọ́, torí pé káàdì graphics ló ń fi ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, gbé iṣẹ́ náà lọ sínú Kdenlive tàbí Shotcut. Ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì, wọ́n mọ proxy lò, wọn kò sì ń béèrè agbára púpọ̀. Ohun tí o máa pàdánù ni àwọn irinṣẹ́ àwọ̀ tí Resolve fi gbayì. Lójú tèmi, fíìmù oníṣọ́ọ̀bù kan, ìyá kan, ọmọ kan, kò nílò wọn tó bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ṣe rò.

Nítorí náà, rárá, má gba owó náà fún laptop. Bí ó bá jẹ́ pé 4GB ni RAM rẹ ni, ǹ bá ní kí o wá nǹkan ṣe sí i, 8GB sì tó fún 1080p. Bí màmá bá taku pé àwọn gbọ́dọ̀ ràn ọ́ lọ́wọ́, hard drive tó ń dá wà lọ́tọ̀ ni kí wọ́n rà, kí iṣẹ́ yín má bàa wà lójú kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni lè jí tàbí tí omi lè dà sí. Èyí kì í ṣe ìmọ̀ràn fún ẹni tó fẹ́ fi ẹ́díìtì jẹun lọ́jọ́ iwájú o. Bó bá di iṣẹ́ tí o ń gbowó lé lórí, ọ̀rọ̀ á yí padà. Fún ìṣẹ́jú 10 tó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ tuntun á tún gba ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ ni.

Ìṣẹ́jú 23 ló wá kù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ gidi wà. Jẹ́ kí n méfò bí fíìmù rẹ ṣe bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró. Ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ó sanwó, ó dúró gba ṣẹ́ńjì, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó kanlẹ̀kùn, àbúrò rẹ̀ ṣí i, wọ́n dì mọ́ra, ó wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán mà." "Káàbọ̀, ọmọ mi. Ọ̀nà ńkọ́?" "A dúpẹ́ mà." "Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́?" Bí n kò bá jìnnà sí òótọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti lọ, ìtàn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ibi tí a ti kọ́ ọ. Nígbà tí Hubert Ògúndé àti Adé Afọláyan ń ṣe sinimá ní ìparí àwọn ọdún 1970 àti nínú àwọn ọdún 1980, sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n ń lò, òkè òkun ni wọ́n sì ń gbé e lọ fọ̀. Owó ni gbogbo ìṣẹ́jú tí kámẹ́rà bá fi yí. Lẹ́yìn ọdún 1986 tí náírà já wálẹ̀, apá ò ká a mọ́, fídíò gbòde, fíìmù àgbéléwò dé. Kásẹ́ẹ̀tì kò wọ́n. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń tà á ní Ìdúmọ̀tà fi rí i pé ìtàn kan tí a bá pín sí apá kìíní àti apá kejì ń mówó wọlé ju odindi lọ, látìgbà náà sì ni mọ́tò ti ń wọ géètì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí mégáàdì á ṣí i, tí á tún tì í. Mi ò bú wọn, ọjà ni wọ́n ń ná. Àmọ́ olùkọ́ tìrẹ kò ní ra apá kejì.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ilẹ̀kùn kò ní nira láti gé. Ìkíni ló le. Ọmọ Yorùbá kò lè wọlé bá ìyá rẹ̀ kó má kí i. Bí o bá gé e kúrò pátápátá, àwọn tó ń wòran á ti kà á sí aláìlẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó la ẹnu, wọ́n á sì máa bá a jà lórí ohun tí kò sí nínú ìtàn rẹ. Ohun tí èmi á ṣe rèé. Fi Márúwá sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ. Kí àwòrán tó kúrò lára rẹ̀, jẹ́ ká ti máa gbọ́ ohùn ìyá láti inú ilé: "Káàbọ̀, ọmọ mi." Nígbà tí a bá wá bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù, kí ọmọ ti máa dìde lórí ìkúnlẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí orúnkún tó ń gbọn eruku nù. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i mọ̀ pé ó ti kúnlẹ̀, ó ti kí ìyá rẹ̀, ìyá sì ti dáhùn. Bí ẹ bá jẹ́ kí kámẹ́rà yí títí tó fi dìde, o ní ṣọ́ọ̀tì náà lọ́wọ́, bóyá o kàn kò kà á sí nǹkan ni. Wá ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin gbogbo ṣọ́ọ̀tì, níbi tí ẹ rò pé eré ti parí. Ọ̀pọ̀ ohun tó dára máa ń sá pamọ́ síbẹ̀.

Ohun kan lè mú kí n yí ọ̀rọ̀ mi padà. Bí òṣèré yín bá mọ̀ọ́mọ̀ ń fa ìkíni gùn, tó ń béèrè àlàáfíà ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé ó ń bẹ̀rù ìbéèrè tó ń bọ̀, a jẹ́ pé ìkíni ti di ìtàn nìyẹn. Fi í sílẹ̀ kó gùn, kí o sì lọ wá ìṣẹ́jú mìíràn gé.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá gbólóhùn tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Mo gbà pé ibi tí ìyá ti béèrè ni: "Owó ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́, ṣé o ti san án?" Ohun tó bá ṣáájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré débi tó lè kéré dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbéèrè náà bá ti jáde, tí ọmọ dákẹ́, má fọwọ́ kan ìdákẹ́jẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ìṣẹ́jú gé, ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń pa, á wá fi gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé eré. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ lo ní lánìíṣẹ́kù. Bí ọmọ bá ṣàlàyé ara rẹ̀ fún gbólóhùn mẹ́jọ, mẹ́ta ló wúlò.

O máa ní báwo lo ṣe máa yọ gbólóhùn márùn-ún láàárín ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹnu rẹ̀ hàn kedere lórí àwòrán. Kúrò lójú rẹ̀ ni. Ó dájú pé ẹ ya ọwọ́ ìyá, kò sí ẹni tó máa dé Ìtòkú tí kò ní ya ọwọ́. Jẹ́ ká máa wo ọwọ́ tó ń tú ìko kúrò lára àdìrẹ oníko, ìdì kan, ìdì kejì, kí ohùn ọmọ máa lọ lókè rẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ẹnu níbẹ̀, o lè so gbólóhùn kìíní mọ́ èkeje, ẹnìkan ò ní mọ̀. Nígbà tí ọmọ bá wá dé ibi "mo ti ná an", kí ọwọ́ dúró, kí ìko ṣì wà láàárín ìka méjì. Ṣọ́ọ̀tì yẹn lágbára ju ojú ọmọ tó ń sunkún lọ, mo sì mọ̀ pé òṣèré tó sunkún náà kò ní fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Mura sí ìjà. Nínú iṣẹ́ àjọṣe akẹ́kọ̀ọ́, kálukú ló ń ka iye ìgbà tí ojú òun fara hàn.

Bí aṣọ orí itan ìyá bá ká ní ṣọ́ọ̀tì kan tó sì ṣí ní èkejì, má jẹ́ kó gba oorun lójú rẹ. Gé nígbà tí nǹkan bá ń mira, bí orí bá ń yí tàbí bí ọwọ́ bá ń gbéra. Ojú làwọn èèyàn ń wò, wọn kì í ka ìṣẹ́po aṣọ.

Èyí máa gbé ọ dé nǹkan bí ìṣẹ́jú 14, mo méfò. Mẹ́rin tó kù ló máa dùn ọ́. Bí ẹ bá ní ìran ẹ̀yìn kan tó fi bí ọmọ ṣe ná owó hàn, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tàbí níbi àríyá, òun ni n óò kọ́kọ́ yọ wò. Ìyá kò sí níbẹ̀. Bí àwa náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìyá la máa jókòó sí, tí a ó máa gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ìpalára tó wà níbẹ̀ ni pé àánú ọmọ lè má ṣe wá mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Èwo lẹ fẹ́? Ẹ̀yin lẹ ni ìtàn, n kò lè bá yín yàn án. Ṣe àdàkọ timeline, yọ ọ́ kúrò nínú àdàkọ náà, kí o pe ẹnìkan tí kò sí lára yín wá wò ó. Má ṣàlàyé ohunkóhun fún un. Máa wo òun, má wo fíìmù. Ibi tó bá ti mú fóònù rẹ̀, kọ ìṣẹ́jú ibẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ́díìtì kò lè tún ṣe, ó dára kí o tètè mọ̀ wọ́n. Bí jẹnẹrétọ̀ ìsọ̀ kejì bá ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá, Noise Reduction inú Audacity, áàpù tí a fi ń tún ohùn ṣe, lè dín in kù: fi ibi tí jẹnẹrétọ̀ nìkan ti ń dún hàn án, kó mọ ohun tó máa yọ. Bí o bá fi agídí yọ ọ́ tán, ohùn ìyá á dà bí ti ẹni tó ki orí bọ korobá. Fi díẹ̀ sílẹ̀. Padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn ní ọjọ́ tí ọjà kò kún, gba ìṣẹ́jú kan péré tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, kí o wá tẹ́ ẹ sábẹ́ gbogbo ìran náà, kí etí má bàa máa gbọ́ ibi tí o ti gé. Gbígba ohùn òṣèré ní ọ̀tun wà níbẹ̀ náà, nínú yàrá tí aṣọ kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣe é rí kì í sábà lè bá ẹnu ara rẹ̀ dọ́gba. Bó bá jẹ́ gbólóhùn kan tàbí méjì, dán an wò. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, gé wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gílóòbù tó bá ń ṣẹ́jú: iná tiwa ń lọ ní 50 Hz (ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), fóònù sì ń yà ní 30, wọn kì í bára wọn mu. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ya fíìmù, áàpù kámẹ́rà tó máa jẹ́ kí o yan 25 ni kí ẹ lò. Lórí iPhone, inú Settings, lábẹ́ Camera àti Record Video, ẹ pa Auto FPS, kó má bàa máa yí iye férémù padà fúnra rẹ̀.

Orin, má fi orin olórin ńlá kankan sí i láìgba àṣẹ. YouTube á dá a mọ̀ kíá. Bí ẹnìkan nínú kíláàsì yín bá mọ gángan lù, kó lù ú fún yín, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìparí. Ní ti àkọlé àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fẹ́ kọ sísàlẹ̀, dán fọ́ńtì wò ṣáájú. Kọ "ọ̀rọ̀" àti "ẹ̀ṣẹ̀" kí o rí bóyá àmì wà lórí lẹ́tà tàbí ó fò lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì arẹwà kò mọ Yorùbá kọ. Noto Sans àti Charis SIL mọ̀ ọ́n. Ìtìjú ni kí ẹ̀ka tíátà gbé fíìmù Yorùbá jáde tí orúkọ fíìmù kò ní àmì.

Nígbà tí o bá fẹ́ gbé e jáde, MP4, H.264, 1080p, 30. Bí o bá fi í sí 16 Mbps (iye dátà tí ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan máa gbà), ìṣẹ́jú 10 á jẹ́ nǹkan bí 1.2GB, ó sì gba flash èyíkéyìí. Wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́yìn tó bá jáde, torí pé iná lè ti ṣẹ́jú ní àárín. Kí ọjọ́ ìṣàfihàn tó pé, bẹ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn pé kó ṣí i fún ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí o yí i lórí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n máa lò gan-an. Jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá. Bí o kò bá gbọ́ ìbéèrè ìyá yẹn kedere níbẹ̀, gbé ohùn sókè, yọ orin kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí o tún un gbé jáde.